Ìdí Tí Mi Ò Fi Pín Ìtàn sí Méjì

Ní àwọn ọdún 1980, mo ń kọ́ èdè Sípéènì ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan ní Bódìjà. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wa ní ká túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìtàn sísọ sí Gẹ̀ẹ́sì. Níwájú "historia", tí Sípéènì ń lò bí àwa ṣe ń lo "ìtàn", mo kọ "story", mo sì kọ "history" tì í.

Olùkọ́ fagi lé e. Wọ́n ní, "Mú ọ̀kan. Èyí tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí àròsọ."

Mo ní, "Sà, ìyá bàbá mi máa ń sọ bí ogun ṣe lé àwọn èèyàn wọn dé Ìbàdàn. Wọ́n ní odò kan fà sẹ́yìn kí àwọn èèyàn náà lè kọjá. Odindi ẹ̀ là ń pè ní ìtàn. Gẹ̀ẹ́sì ló pín in."

"Màá yọ máàkì rẹ."

"Ẹ yọ ọ́, sà."

Wọ́n yọ ọ́. Wọ́n ní kí n tún un kọ, mi ò tún un kọ. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ojú ò tì mí.

Lọ́sẹ̀ kejì, olùkọ́ bi mí bóyá àwọn lè wá gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu ìyá bàbá mi ní Agbowó.

Mo ní, "Ẹ máa bọ̀, sà. Ẹ má ṣáà bi wọ́n pé èwo ni àròsọ níbẹ̀."