Ife Tí Kò Gbọdọ̀ Kan Omi Tútù

Àfi kí ẹ má bá Bàbá Oníná dá ọ̀rọ̀ gíláàsì sílẹ̀ o! Kó yọ́ gíláàsì nínú iná, kó fẹnu fẹ́ ẹ di ife, iṣẹ́ tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe nìyẹn, kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì.

Nígbà tí ara ṣì le, a máa fi iná ibi iṣẹ́ yan ife kan títí á fi pọ́n wẹ̀ẹ̀, á sì jù ú sómi tútù. Ṣàà! Àwọn ọmọ á pariwo. Ife náà á jáde láìsán.

"Kúwátìsì rèé," á fọ́nnu. "Òkúta funfun la yọ́. Gíláàsì lásán, yanrìn tí wọ́n po nǹkan mọ́ kó lè tètè yọ́ ni. Omi gbígbóná lásán lè fọ́ ọ."

Ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, á pòṣé. "Ẹ kú ẹnu! Tèmi náà ń gbé omi." Gíláàsì lásán ni òun fi fẹ́ ife tirẹ̀, ó bá ti ọkọ rẹ̀ mu bí ìbejì. Obìnrin náà ti dolóògbé báyìí. Ife méjèèjì nìkan ló kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ wọn obìnrin wá kí bàbá. Eré àtijọ́ ń wù ú wò. Ó mú ife kan, ó gbé e lé sítóòfù, ó tan iná kékeré, ó sì lọ bu omi tútù.

"Bàbá, ẹ wá wò ó!"

"Yéè! Pa iná! Má fomi kàn án! Èwo lo gbé?"

Ọmọ sáré pa iná. Kò mọ èwo.

"Gbé èkejì lọ sójú fèrèsé, fi bébà funfun sẹ́yìn rẹ̀. Ti ìyá rẹ, etí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé díẹ̀."

"Èyí ò láwọ̀ kankan, Bàbá."

Ti ìyá ló wà lórí sítóòfù nìyẹn. Bàbá ti fèrèsé kí atẹ́gùn tútù má baà mú un sán, ó sì jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Àárò ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ gan-an. Ojoojúmọ́ ló fi ife yìí ṣe yẹ̀yẹ́, obìnrin náà á pòṣé, á tún rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó tutù tán, ó fi ìka wá etí rẹ̀ yípo. Kò sán. Ó rọra bu omi sí i, ó mu ún, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Kúwátìsì yẹn ńkọ́, Bàbá?"

"Máa gbé e lọ fáwọn ọmọ rẹ, kí wọ́n máa fi ṣeré."