Fíìmù Ọ̀wẹ̀ Tí Kò Sí Iyán Nínú Rẹ̀

Mo rántí ìgbà tí ẹni tó bá fẹ́ kó fíìmù sínú fóònù ní Òmù-Àrán máa ń wá sí ìsọ̀ kékeré tí mo ti ń bá ọ̀gá mi ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Wọ́n á yọ mẹ́mòrì fóònù wọn fún mi, wọ́n á ní, "Àbúrò, èwo ló dáa níbẹ̀?" Inú mi á dùn bí ẹni tí wọ́n ní kó wá gba ọba nímọ̀ràn. Màá ní kí wọ́n fi eré ìfẹ́ àti eré olóògùn sílẹ̀, kí wọ́n wo fíìmù ojú ayé, èyí tí wọ́n bá gbé kámẹ́rà tọ ènìyàn gidi lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, tí kò sí òṣèré nínú rẹ̀. Mo ní ọ̀kan nípa àwọn tó ń pẹja lábẹ́ omi dídì, mo ní òmíràn nípa àwọn darandaran inú aṣálẹ̀. Ìwé mi ò jìnnà, gẹ̀ẹ́sì inú wọn kì í yé mi tán, ṣùgbọ́n mo ti pinnu lọ́kàn mi pé ẹnu ló ń parọ́, kámẹ́rà kì í parọ́. Ọgbọ́n orí mi nígbà yẹn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń jó irin fẹ́ gbé ọmọ bàbá àgbẹ̀ kan níyàwó ní Àràndún. Lọ́dọ̀ wa, kí ìgbéyàwó tó dé, ọkọ ìyàwó á kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí oko àna rẹ̀ fún ọjọ́ kan, wọ́n á bá a kọ ebè. Ọ̀wẹ̀ là ń pè é. Àna náà á sì bọ́ wọn yó. Bó bá ṣe bọ́ wọn ni wọ́n ṣe máa ń dárúkọ rẹ̀ nílùú. Àna tí iyán rẹ̀ kò bá kárí, àwọn ọmọ kéékèèké pàápàá á máa fi í ṣẹ̀sín.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn àlejò mẹ́ta gbé kámẹ́rà dé láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n wá ṣáàjì bátìrì nísọ̀ wa. Wọ́n ní àṣà àbáláyé làwọn ń wá kiri. Èmi ni mo pè wọ́n, ẹnikẹ́ni kò rán mi. Mo ní, "Ẹ bá wa ká lọ sóko lọ́la, ẹ ó rí nǹkan." Èmi náà ni mo di ògbufọ̀ wọn, pẹ̀lú píjìn tí mo kọ́ ní ibùdókọ̀.

Nígbà tí a dé oko, wọ́n ní ká bọ́ ẹ̀wù àti bàtà wa. A bọ́ ọ. Wọ́n ní ká má kọrin, ká má sì rẹ́rìn-ín. Ta ló ń kọ ebè ọ̀wẹ̀ láìkọrin? Ṣùgbọ́n a pa ẹnu mọ́, torí pé a fẹ́ wà nínú fíìmù. Nígbà tí bàbá dé láti kí wa kú iṣẹ́, wọ́n ní kó gun orí ebè kan, kó na ọ̀pá rẹ̀ sí wa. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Bàbá wò mí. "Kí n na ọ̀pá sí yín? Ṣé màlúù ni yín ni?"

Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Ọkọ ìyàwó dún bíi màlúù, a tún rẹ́rìn-ín sí i.

"Ẹ ṣáà nà án, bàbá," ni mo wí. "Fíìmù ni."

Ó nà án nítorí àlejò. Nígbà tí iyán dé, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́, wọ́n ti kámẹ́rà bọ àpò, wọ́n jókòó, wọ́n jẹun. Ọ̀kan nínú wọn gba iyán lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí i.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, fíìmù náà jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rí ẹ̀yìn ara mi níbẹ̀, òógùn ń dán lára mi, ni mo bá sọ ara mi di òṣìṣẹ́ wọn. Ọ̀fẹ́ ni mo ń kó o fún gbogbo oníbàárà. "Ẹ wo ti Àràndún, èmi wà níbẹ̀!" Àfi ọjọ́ tí tíṣà obìnrin kan dúró wò ó nísọ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Àbúrò, ṣé o gbọ́ ohun tí ọkùnrin tó ń ṣàlàyé nínú fíìmù yìí ń sọ?"

"Ó ń yìn wá ni, mà."

"Yìn kẹ̀? Ó ní ẹrú ni yín. Ó ní bí ọmọ tálákà bá fẹ́ ìyàwó nílẹ̀ yìí, àwọn àgbà á kọ́kọ́ fi í ṣe ẹrú. Ó ní bàbá tó mú ọ̀pá yìí ló ń kó yín ṣiṣẹ́."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Títí di òní, bí mo bá rántí, inú á tún bí mi. Ẹni tó jẹ iyán bàbá yìí lẹ́ẹ̀mejì! Ṣé ebi ti pa wọ́n dé ojú ni, tí wọn ò fi rí abọ́ tí wọ́n fi ń jẹun? Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Láyé ìgbà tí ẹsẹ̀ ni irọ́ fi ń rìn nìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo ń kó irọ́ yìí sínú fóònù àwọn èèyàn, mo sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wò ó.

Mo gun ọ̀kadà lọ bá bàbá. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń pè é ní Ọlọ́pàá Ẹrú lẹ́yìn rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé, mo sì fi fíìmù náà hàn án. Ó wò ó tán.

"Iyán ńkọ́?"

"Wọn ò fi sí i, bàbá."

"Ìyàwó mi ò jókòó láti ìrun àsùbáà ọjọ́ yẹn." Ó dá fóònù padà fún mi. "Ìwọ lo sì ní kí n na ọ̀pá."

Ì bá ti gbá mi létí, ara ì bá tù mí. Nígbà tí àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀ kejì wá bèèrè ọjọ́ ọ̀wẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ sinmi, òun ò fi ọmọ ọlọ́mọ ṣẹrú mọ́. Wọ́n ṣègbéyàwó, ọ̀wẹ̀ kankan kò wáyé. Bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í dá ebè kọ.

Mo pa fíìmù náà rẹ́ nísọ̀, ṣùgbọ́n ta ló lè lọ pa á rẹ́ nínú fóònù gbogbo ìlú? Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí, mo gbé ọkọ́ lọ sí oko bàbá. Mi ò fẹ́ ọmọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì pè mí. Kò lé mi. Ó fi ọ̀pá yẹn kan náà tọ́ka sí ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀, ó rántí, ó sì yára sọ ọ̀pá náà sílẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ní ọ̀sán, ó ya iṣu sísun sí méjì, ó na èyí tó tóbi sí mi.

"Ṣé o ò ní yà á sí fíìmù ni?"

"Mi ò ní yà á, bàbá."

"Jẹun, jàre."

Mo ṣì ń kó fíìmù fún àwọn èèyàn, wọ́n sì ṣì ń bi mí pé èwo ló dáa. Ọ̀kan wà tí mo máa ń sọ fún wọn tọkàntọkàn. Ọmọbìnrin kan ní Rore ló fi fóònù yà á, nígbà tí ìyá ìyá rẹ̀ ń po òrí. Àwòrán rẹ̀ ń mì, ewúrẹ́ ń ké ṣáá, ìyá àgbà sì ń bú u pé, "Gbé nǹkan yẹn sílẹ̀, kí o wá ràn mí lọ́wọ́!" Ibẹ̀ ni fíìmù náà parí sí, torí pé ọmọ náà gbé e sílẹ̀ lóòótọ́. Ẹ wò ó. Ní ti àwọn yòókù, tí ohùn wọn tutù, tí àwòrán wọn ń dán, mo máa ń kọ́kọ́ dá wò wọ́n dé òpin, mo sì máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè bàbá: iyán ńkọ́?