Màríà Onílà Lẹ́yìn Pẹpẹ

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ mi níṣẹ́ mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ya àwòrán sára ògiri ilé ìjọsìn, láti ṣọ́ọ̀bù mi ní Arákálẹ̀, l'Ákùúrẹ́. Nígbà tí ìjọ Àgùdà tí ìyá mi ń lọ ní Oǹdó ní kí n wá ya Màríà àti Ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn pẹpẹ, ọkọ̀ àárọ̀ kùtù ni mo wọ̀.

Alága ìgbìmọ̀ ìjọ fún mi ní kàlẹ́ńdà kan pé kí n máa wò ó yà. Obìnrin òyìnbó ló wà níbẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ rí bí aró. Mo dúpẹ́, mo ká a, mo sì tì í sábẹ́ àga.

Ìyá mi ni mo yà. Mo yà á bó ṣe dúdú, mo wé gèlè fún un, mo wá fa ilà kan gbọọrọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì bó ṣe wà lójú rẹ̀ gan-an, irú èyí tí àwọn àgbà Oǹdó ń kọ.

Ó ku ọ̀la kí Bíṣọ́ọ̀bù wá ṣe Mísà níbẹ̀ ni Alága wọlé. "Yéè! Ìwọ obìnrin yìí, ṣé Màríà kọlà ni?"

Mo ní, "Ṣé ìlú òyìnbó ni wọ́n bí i sí ni, sà?"

Ó ní ìbọ̀rìṣà gbáà ni, pé kí n pa ilà náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Inú bí mi burúkú. Ilà Oǹdó wà lójú ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ yìí fúnra rẹ̀!

Mo ní, "Ṣebí ẹ̀yin àgbà lẹ sọ fún wa pé wọ́n bí ìbejì láàfin nígbà tí ìbejì jẹ́ èèwọ̀, àwọn ìjòyè ní kí wọ́n pa wọ́n, ọba kọ̀, ó ní kí wọ́n kọ wọ́n nílà kí ìyá wọn máa gbé wọn lọ. Àwọn ló wá tẹ ìlú yìí dó. Màríà ńkọ́? Òun náà ò gbé ọmọ sá fún idà Hẹ́rọ́dù bí? Èwo ni ìbọ̀rìṣà níbẹ̀?"

"Má fi ìtàn dí mi lójú. Pa á rẹ́!"

"Ọwọ́ tèmi kọ́ ló máa pa á rẹ́." Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́, mo sì ṣí ọ̀dà funfun síwájú rẹ̀.

Àṣé kò ṣeré. Ó gun àkàbà lóòótọ́. Omi lé ròrò sí mi lójú.

Ìyá mi ń to òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ lọ́wọ́. Ó gbé e sílẹ̀, ó wá sídìí àkàbà, ó gbójú sókè sí Alága. Kò pariwo.

"Ojú mi nìyẹn. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kun tèmi. Bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ kun tiyín náà."

Ọ̀dà ń kán tó, tó, sórí bàtà Alága. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì fún mi, kò wojú ẹnì kankan, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bíṣọ́ọ̀bù ṣe Mísà níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ayé ò sì bàjẹ́. Ìjọ náà ò tún pè mí síṣẹ́ mọ́. Kí wọ́n má pè mí! Bí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà, ojú ìyá mi ni wọ́n ń wò.