Bàbá Ráfíù Kò Ní Kéèsì

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, apẹ̀rẹ̀ ni mo rí, n kò rí aláìsàn. Apẹ̀rẹ̀ wà lórí tábìlì, apẹ̀rẹ̀ wà lábẹ́ fèrèsé. Àwọn kan dúró dáadáa, àwọn kan wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí fìlà ọ̀mùtí. Mo rò pé mo ti ṣìnà. Obìnrin òyìnbó kan tó ń fi eyín já okùn ló gbójú sókè, ó bi mí bóyá èmi ni táípísì tuntun. Mo ní èmi ni. Ó ní kí n wá ibi tí kò sí apẹ̀rẹ̀, kí n jókòó.

Gbogbo Sabon Gari ní Kano ló ń pè é ní Míìsì Alápẹ̀rẹ̀. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a gba òmìnira nígbà náà, irú iṣẹ́ rẹ̀ sì ṣàjèjì sí gbogbo ènìyàn. Dókítà a máa to eegun, nọ́ọ̀sì a máa wẹ egbò. Ṣùgbọ́n ẹni tí egbò rẹ̀ ti jinná, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè de bọ́tìnì ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Míìsì ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni oògùn tirẹ̀: híhun apẹ̀rẹ̀, pípo amọ̀, fífi abẹ́rẹ́ ńlá rán awọ, títí ìka tó ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi rántí. Àwọn ará àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá mi pàápàá bi mí pé, "Dúpẹ́, ṣé ilé ìwòsàn ni wọ́n gbà ọ́ sí, àbí ọjà alápẹ̀rẹ̀?"

Mo ti parí ìwé mẹ́wàá nílẹ̀ Yorùbá, mo padà sọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Kano, mo sì kọ́ táípù ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Ibo Road. Ọ̀gá wa níbẹ̀ a máa fi aṣọ bo ọwọ́ wa kí a má baà wo bọ́tìnì. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣàṣìṣe, kì í bú u, á kàn mú ìwé náà, á gbé e sí ìmọ́lẹ̀, á ní, "Háà, ẹ wo arẹwà ìwé tí ó ní ṣòbìyà." Kò sí ohun tó ń jẹ́ kí ènìyàn tún iṣẹ́ ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Míìsì torí rẹ̀ nílò táípísì ni ìwé ìwádìí. Ó fẹ́ kọ̀wé nípa àwọn tí ó ń tọ́jú, kí ó fi ránṣẹ́ sí jọ́náà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Jọ́náà ni ìwé tí àwọn oníṣẹ́ kan náà fi ń bá ara wọn sọ ohun tí wọ́n rí lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń jáde láti ìgbà dé ìgbà. Òfin tiwọn pọ̀. Ojú kan ìwé ni kí a tẹ̀. Kí àyè wà láàrin ìlà kan àti èkejì kí olóòtú lè rí ibi kọ nǹkan sí. Kí àtẹ kọ̀ọ̀kan wà lórí ìwé tirẹ̀. Mo fẹ́ràn òfin wọ̀nyẹn. Ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí eruku Kano bá ti wọ inú ẹ̀rọ, tí lẹ́tà "e" bá ń jáde bí ẹni tí ojú ń dùn, èmi yóò mú búrọ́ọ̀ṣì, n ó nu ún, n ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, mo ní láti pa á rẹ́ lórí ìwé òkè, kí n sì pa á rẹ́ lórí gbogbo ẹ̀dà tí kábọ̀nù gbé sísàlẹ̀. Míìsì a máa kọ̀wé bí ẹni tí ajá ń lé, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo mọ ọwọ́ rẹ̀ ju bí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lọ. Òun ló máa ń pè mí pé, "Dúpẹ́, kí ni mo kọ síbí?"

Ẹni tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìwé náà ni Bàbá Ráfíù. Télọ̀ ni, ọmọ Ọ̀ffà, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ilé wa. Ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé e bọ̀ láti Zaria ló ṣubú, ó sì fọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Eegun jinná, ìka kò ká. Àwọn oníbàárà wá kó aṣọ wọn lọ. Ìyẹn kọ́ ló dùn ún jù. Ohun tó dùn ún ni pé wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó bá ń wá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á bèèrè Télọ̀ Ọlọ́wọ́-Kan, àwọn ọmọdé á sì júwe rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Míìsì ló ti bẹ̀rẹ̀ láti orí okùn dídì. Ó hun apẹ̀rẹ̀ títí ó fi kórìíra apẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún un ní sísọ́ọ̀sì tí Míìsì fi aṣọ dì lẹ́nu ibi ìdìmú, kí ó lè tóbi fún ìka rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gé aṣọ gbọọrọ láìdúró, ó kúnlẹ̀ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì dìde ó ní òun kò ní fọwọ́ kan apẹ̀rẹ̀ mọ́ láyé òun. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tí Míìsì ní òun fẹ́ kọ nípa rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló bèèrè: "Ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀. Sùlèmọ́nù, télọ̀, ọmọ Ọ̀ffà. Kí ayé mọ̀ pé èmi kọ́ ni Ọlọ́wọ́-Kan." Míìsì gbà, ó sì ya àwòrán ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí òun náà máa kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Kí a tó sọ pé a ti fi í ránṣẹ́, gbogbo Ibo Road ti gbọ́ pé orúkọ Bàbá Ráfíù ti wọ Lọ́ńdọ̀nù.

Ìwé náà padà dé. Olóòtú yìn ín, ṣùgbọ́n ó fi pẹ́ńsù fa ìlà sórí gbogbo orúkọ. Jọ́náà kì í dárúkọ aláìsàn. Kí a kọ "Case 1", "Case 2", bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Ráfíù ni ẹnì kẹrin.

Míìsì ní kò yẹ kí a ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. A jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Míìsì gbọ́ Hausa díẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kí obìnrin ló fi ń kí tọkùnrin tobìnrin.

"Sannu, Baba. Kina lafiya?"

Bàbá Ráfíù kọjú sí Aláago, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Ó tún ti sọ mí di obìnrin."

Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. "Bàbá, wọ́n ní àwọn ò ní lè tẹ orúkọ yín. Kéèsì kẹrin ni wọ́n máa pè yín."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. "Kéèsì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Èmi? Ta ni mo bá jà? Haba, Dúpẹ́! Látìgbà tí mo ti dé Kano, mi ò dé àgọ́ ọlọ́pàá rí, àfi ìgbà tí mo lọ wọn yunifọ́ọ̀mù fún sájẹ́ǹtì. Mi ò ní kéèsì pẹ̀lú ẹnikẹ́ni!"

Aláago yọ gíláàsì kúrò lójú. "Kéèsì kẹrin ni wọ́n pè é? Àwọn mẹ́ta tó kù ńkọ́, Sùlè, ṣé wọ́n ti gba béèlì?"

"Pa ẹnu rẹ dé, ìwọ tí aago ara rẹ kì í ṣiṣẹ́."

Mo ní lọ́dọ̀ àwọn dókítà, kéèsì kì í ṣe ti kóòtù, ọ̀rọ̀ aláìsàn ni. Ó gbọ́ mi tán.

"Ìyẹn dára fún àwọn dókítà. Bí ìwé yẹn bá wá dé ibí ńkọ́? Ta ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà tí á máa ṣàlàyé fún wọn? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Ọlọ́wọ́-Kan, ẹ wá fẹ́ sọ mí di Kéèsì Kẹrin. Rárá o. Ẹ fún mi ní àwòrán ọwọ́ mi."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Míìsì. Ojú rẹ̀ rọ. Àwọn yòókù tí ó kọ nípa wọn ṣì ń gba ìtọ́jú. Bàbá Ráfíù nìkan ló ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá yọ ọ́, kò sí ohun tí ìwé náà ń sọ mọ́, Míìsì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí àkókò rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀ ẹ́, kò sì bá a jiyàn. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ní, "Hannunka ne, Baba."

Ọwọ́ rẹ ni. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ọkùnrin gan-an ló ṣe sọ ọ́.

Bàbá Ráfíù wò ó. "Ó ti sọ mí di ọkùnrin lónìí," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀. "Dúpẹ́, kí ni wọ́n ń sá fún lára orúkọ?"

"Kí ẹnikẹ́ni má baà fi àìsàn bú ènìyàn ni, Bàbá. Kí wọ́n má baà mọ̀ ọ́n."

Ó fi àtàǹpàkò nu eruku lórí ẹ̀rọ. "Ìyẹn kò burú. Lẹ́tà kan ńkọ́? Ṣé lẹ́tà kan náà pọ̀ jù fún wọn?"

Mo bi Míìsì. Ó ní wọ́n lè gba lẹ́tà dípò kéèsì, bí ó bá ṣáà ti tẹ̀ lé ara wọn láti A lọ.

"Ẹ fún mi ní A."

"A kẹ̀?" ni Aláago wí. "S ni ti Sùlèmọ́nù."

"Mo ní A."

Nígbà tí a dágbére, ó tẹ̀ lé mi dé etí gọ́tà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àkànní ni ìyá mi máa ń pè mí. Láti ìgbà tó ti kú, kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣé wọ́n lè fi ìyẹn mọ̀ mí?"

"Wọn ò lè fi mọ̀ yín, Bàbá."

"Ó dára. Èmi á mọ̀."

Ọ̀rọ̀ kékeré ni fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa. Bí ẹnì kẹrin bá di A, òun ni yóò ṣáájú. Gbogbo ìwé ni a ní láti tú. Àtẹ yí padà, nọ́ńbà ojú ewé yí padà, gbogbo ibi tí Míìsì ti kọ "bí a ti sọ ṣáájú" di ohun tí a kò tíì sọ. Mo tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí Míìsì ka ìwé tuntun náà, ó ní ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ ti dá ni òǹkàwé kọ́kọ́ ń bá pàdé, ó sì mọ ibi tí àwọn yòókù ń lọ. Olóòtú gbà á.

Láti ìgbà náà, mo ti tẹ ìwé ìwádìí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, dúdú àti funfun, kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo mọ òfin jọ́náà lóríṣiríṣi. N kò sì tíì tẹ ọ̀rọ̀ náà, kéèsì, kí n má rẹ́rìn-ín sínú.

Míìsì ti lọ sílé kí jọ́náà tó dé. Èmi ni mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Ráfíù nu ọwọ́ méjèèjì kí ó tó gbà á. Àwòrán ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó di sísọ́ọ̀sì mú. Aláago na ọrùn.

"Orúkọ rẹ dà?"

"Ó wà níbẹ̀."

"N ò rí i."

"Kì í ṣe ìwọ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Dúpẹ́, kà á sókè."

Mo ka ìlà àkọ́kọ́, mo sì pe lẹ́tà náà bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é. Ó mi orí.

"Kà á bí wọ́n ṣe ń pè é nílé."

Mo tún gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. Mo rẹ ohùn sílẹ̀ bí ó ti yẹ, mo ní, "À."

"Ẹ̀n!" ni ó dáhùn, kíá, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè láti ẹ̀yìnkùlé.