Ata Ti Tán Lẹ́nu Ẹ̀rọ

Ṣọ́ọ̀bù kan ní Itamaga ni mo ti ń yan ẹ̀rọ kékeré tí màá fi máa lọ kòkó, kí n lè máa ṣe ṣokoléètì nílé. Ọmọbìnrin tó ń tà á tan ọ̀kan lófìfo. Òkúta inú rẹ̀ ń ha ara wọn. Mo ti gbọ́ irú ìró yìí rí.

Ọmọdé ni mí lọ́sàn-án ọjọ́ tí màmá mi rán mi lọ lọ ata lọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́rọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Lasunwon. Ata tán lẹ́nu ẹ̀rọ, Ìyá kò pa á. Òórùn rọ́bà tó ń jó gba gbogbo ibẹ̀. Ìyá yìí kan náà ló máa ń pariwo pé títan ẹ̀rọ lófìfo ń bà á jẹ́. Ó di èjìká mi mú.

"Ìyá, ó ti kúnná o! Ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé."

"Kò tíì kúnná, ọmọ mi."

Mo wo ẹnu ẹ̀rọ tó ṣófo. Mo rò pé èmi ló kàn tó fẹ́ lọ̀.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi tó gbé bàbá mi ti dojú dé ní Ipakodo. Ariwo ẹ̀rọ ni Ìyá fi ń bo igbe màmá mi, kí n má baà gbọ́.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń rọra dún, àǹtí," ọmọbìnrin tó ń ta ẹ̀rọ wí.

"Jọ̀ọ́, pa á."

Ó pa á. Mo dúró, mo ń dẹtí, bóyá ẹnì kan ń sunkún.