Ìwọ́ Ọmọ Nínú Yìnyín

Òórùn omi ògì kíkan ló máa ń gbé mi lọ. Ní ìdájí ọyẹ́, nígbà tí eruku ti bo ewé ọsàn ẹ̀yìn ilé wa ní Ìwó, tí ètè ń la, obìnrin tí ilé rẹ̀ fara ti tiwa a máa sẹ́ ògì, òórùn náà á sì gba ojú fèrèsé wọlé bá mi. Àwọn ẹlòmíràn a máa sọ pé ó ń kan àwọn nímú. Ní tèmi, bí mo bá ti gbọ́ ọ, ilé ìdáná kékeré kan ní Kánádà ni mo máa ń bá ara mi, tí omi yìnyín ti rin mí dé orúnkún, tí ìyá mi dúró tì mí pẹ̀lú asẹ́ lọ́wọ́.

Àkọ́bí wa la ṣẹ̀ṣẹ̀ bí nígbà náà, obìnrin ni. Èmi àti ìyàwó mi ti lo ọdún mẹ́ta lọ́hùn-ún, ìyá mi sì wá láti Ìwó láti bá wa wẹ ọmọ. Ìwọ náà mọ àwọn ìyá wa; kò sí ohun tí wọn kò lè dì sínú báàgì. Wọ́n gbé àdí wá, wọ́n gbé ọṣẹ dúdú, wọ́n gbé pákò tó lè tó odidi ilé kan lò, wọ́n sì gbé asẹ́ ògì kan tí wọ́n fi aṣọ wé bí ọmọ tuntun. Asẹ́ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màámi, ògì inú páálí wà níbí o."

"Máa jẹ ẹ́ ní tìẹ," ni wọ́n dá mi lóhùn. Kó tó di ọjọ́ kẹta, àgbàdo ti wà nínú omi lábẹ́ síǹkì wa, gbogbo ilé sì ti ń rùn bí àgbàlá wa ní Ìwó.

Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í já ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí ọmọ dé. Ìyá mi kò rí irú rẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á jókòó sójú fèrèsé, aṣọ òtútù méjì lọ́rùn, ìborùn lé e, wọ́n á máa wò ó. "Òjò tí kì í sọ̀rọ̀ rèé," ni wọ́n wí lọ́jọ́ kan, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àjèjì tí kò mọ̀ọ̀yàn kí. Òótọ́ ni. Òjò Ìwó a máa lu páànù kó tó kàn ọ́ lára. Èyí kàn ń já ṣáá ni, títí ó fi bo àtẹ̀gùn, tó bo táyà ọkọ̀. A ò lè jáde. Inú ilé ni gbogbo ayé wa wà: omi gbígbóná ọmọ, òórùn àdí, àwọn aṣọ pélébé tí a sá sórí ẹ̀rọ amúlégbóná, ìyàwó mi tó ń tòògbé lórí àga pẹ̀lú ọmọ láyà. N kò mọ̀ nígbà náà pé inú mi dùn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀.

Lọ́jọ́ kẹjọ a sọmọ lórúkọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ilé tí a wò lọ́jọ́ náà, àwa mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, nítorí yìnyín ti dí ọ̀nà mọ́ gbogbo ẹni tí a pè. Orí fóònù ni aáfà ti ṣe àdúà. Ìyá mi nìkan ló ń ṣe àmín bí èrò ogún.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ìwọ́ ọmọ já. Ìyá mi fi òwú funfun wé e, wọ́n sì bi mí pé apá ibo ni ilẹ̀ wà níwájú ilé wa. Kò yẹ kí n máa ṣàlàyé èyí fún ọ: nílé wa, a kì í ju ìwọ́ ọmọ nù. A máa ń sin ín ni, kí ẹranko má baà gbé e, kí ọmọ náà sì ní ibi tí yóò máa nawọ́ sí pé ibí lòun ti wá. Tèmi wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìwó, nídìí igi ọsàn. Aáfà ni bàbá mi, fúnra wọn ni wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n mo kọ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ má sin ín síbí. Ẹ bá mi gbé e lọ sí Ìwó. Àlejò la jẹ́ níbí, àjò kì í sì í dùn kí onílé má relé."

"Ìwọ ni àlejò," ni ìyá mi wí. "Ọmọ yìí ńkọ́? Ibo lòun ti wá?"

Mo bá gbóhùn sókè. Mo ní ọmọ mi ni, n kò sì ní fi í fún yìnyín. Kì í ṣe ohùn tó yẹ kí ọmọ fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi sorí kodò. Ìyá mi mú òwú wọn, wọ́n wọ yàrá lọ. Kí n má parọ́ fún ọ, ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé bí ilẹ̀ yẹn bá fi lè gba nǹkan kan lára wa, kò ní jẹ́ ká padà sílé mọ́ láéláé.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé bí wọ́n ṣe kírun àsùbáà tán lọ́jọ́ kejì, ìyá mi ki ẹsẹ̀ bọ bàtà mi, wọ́n mú ṣíbí ìdáná, wọ́n sì jáde lọ sídìí igi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ilé wa. Wọ́n gbẹ́ yìnyín títí wọ́n fi kan ohun líle kan. Wọ́n rò pé ilẹ̀ ni. Yìnyín ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn tó ti dì gbagidi ni. Ẹni tó ti ń gbẹ́ ilẹ̀ Ìwó láti kékeré, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ilẹ̀ tún lè wà lábẹ́ ilẹ̀? Wọ́n fi òwú náà síbẹ̀, wọ́n ṣe bísímílàhì, wọ́n bò ó, wọ́n sì ri pákò kan mọ́ ojú ibẹ̀ kí wọ́n lè máa dá a mọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ dáadáa, mo mú ṣọ́bìrì jáde, nítorí òfin àdúgbò ni pé kí kálukú kó yìnyín kúrò níwájú ilé rẹ̀. Mo kó ti ẹnu ọ̀nà, mo kó ti ìdí igi, mo ń dà á sétí títì, níbi tí ọkọ̀ akóyìnyín yóò ti wá kó o lọ. Mo gbọ́ tí gíláàsì ń dún. Mo gbójú sókè, mo rí ìyá mi lójú fèrèsé, tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá a. Mo rò pé wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́ ni, pé ìjà àná ti tán nìyẹn. Ara mi yá gágá. Mo juwọ́ sí wọn, mo sì kó ṣọ́bìrì mẹ́ta sí i.

Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n jáde. "Ìwọ́ ọmọ!" ni wọ́n ń pariwo. "O ti kó ìwọ́ ọmọ dànù!"

Àwa méjèèjì kúnlẹ̀ ti òkìtì yìnyín yẹn, a ń fi ọwọ́ tú u. A rí pákò. A ò rí òwú, nítorí òwú funfun nínú yìnyín funfun, ojú wo ló lè rí i? Ibẹ̀ la wà tí a fi ń gbọ́ ìró ọkọ̀ akóyìnyín láti òpópónà kejì. Ìyá mi dìde, wọ́n ní, "Gbé e wọlé. Gbogbo ẹ̀."

A fi garawa gbé e, a fi ìkòkò gbé e, a fi abọ́ tí a fi ń wẹ ọmọ gbé e. A dà á sínú báàfù ilé ìwẹ̀ títí ó fi kún. Bàbá òyìnbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dúró, wọ́n ń wò wá. Wọ́n béèrè pé ṣé omi ẹ̀rọ wa kò yọ ni. Mo ní kò yọ. Kí ni ǹ bá wí? Kò pẹ́ ni wọ́n gbé ike omi méjì wá sẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ní omi yìnyín kò dára fún ìkókó. Orí ìyẹn la wà tí ọkọ̀ fi dé, tó gbá ìyókù òkìtì náà lọ. Èmi ni mo kó o síbẹ̀, ojú mi náà ló sì ṣe tó fi lọ.

Ni ìyá mi bá tú asẹ́ ògì wọn. Ìyàwó mi gbé omi kaná, èmi ń bu yìnyín láti inú báàfù wá sílé ìdáná, mo ń da omi gbígbóná lé e, ìyá mi ń sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ń fi ìka wo ohun tó kù lójú asẹ́. Ewé gbígbẹ. Òkúta wẹ́wẹ́. Ewé gbígbẹ. Báàfù ń fà. Mo ń sọ fún ara mi pé bí kò bá sí nínú garawa yìí, á wà nínú èyí tó kàn, títí tí èyí tó kàn kò fi ju ẹyọ méjì lọ mọ́.

Inú garawa tó ṣáájú ti ìkẹyìn ló wà. Òwú ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. "Àlùhámúdùlílàhì," ni ìyá mi wí. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú omi ilé ìdáná, mo bú sẹ́kún bí ọmọdé.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Omi yẹn tutù."

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n lò lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà, tí yìnyín ṣì wà nílẹ̀, mo fi ìwọ́ náà sínú àpò aṣọ mi dé pápákọ̀ òfuurufú, mo ní kí wọ́n gbà á, kí wọ́n máa gbé e lọ sí Ìwó. Wọ́n ká ìka mi lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìwọ ni bàbá ẹ̀," ni wọ́n wí. "Ṣe sùúrù. Ilẹ̀ ń bọ̀ wá rọ̀."

Ilẹ̀ náà rọ̀. Nígbà tí yìnyín yọ́ tán tí igi ẹ̀bá ọ̀nà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé, mo gbẹ́ ìdí rẹ̀ títí mo fi rí ilẹ̀ gidi, dúdú, tó ń rùn bí oko Kuta létí Ìwó lẹ́yìn òjò. Mo sin ín síbẹ̀. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo sọ fún wọn. Wọ́n ṣàdúà díẹ̀, wọ́n sì béèrè bóyá ọmọ ń mu ògì.

Ìyá mi ti dolóògbé báyìí. Èmi ti padà sí Ìwó, inú ilé wọn ni mo ń gbé, ọmọ yẹn sì ti di géńdé obìnrin lọ́hùn-ún. Lánàá ó pè mí lórí fídíò, ó ní yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ nílé. Nílé ló wí. Nígbà kan rí, ọ̀rọ̀ yẹn ìbá dùn mí wọra. Ó ní òun gba iwájú ilé wa àtijọ́ kọjá, igi òun ṣì wà níbẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Bàbá, ti yín dà?"

Mo gbé fóònù lọ sẹ́yìn ilé, mo fi ìdí igi ọsàn hàn án, pẹ̀lú eruku ọyẹ́ lórí ewé. Ó wò ó pẹ́. Bí mo ti dúró síbẹ̀ ni ó yé mi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo rò pé ṣe ni ìyá mi fẹ́ fi ọmọ mi ta ìlú onílùú lọ́rẹ. Àṣé èmi ni wọ́n ń tú sílẹ̀. Ìbá jẹ́ pé ọmọ yẹn kò ní ilẹ̀ tirẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ǹ bá má lè fi í sílẹ̀ lọ́hùn-ún kí n sì padà wá sórí tèmi, kí oorun sì máa kùn mí.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá," ni ó wí.

Mo ní, "Ìwọ náà, kú ilé."