Ọjọ́ Ìsinmi tí Ìjọ Wa Lọ Ká Kíwì Kí Ìrì Dídì Tó Dé

Àbúrò mi obìnrin ló kọ́ gbogbo ilé wa láti máa dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni. Èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì ń gbé ilé oníyàrá méjì kan ní Turin. Mo ti parí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí mo bá wá, mo sì ti rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kékeré kan. Ẹ̀yìn mi ni àbúrò mi dé. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni nílé, ní Ìjẹ̀bú Òde, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó rí ṣe ní Italy ni kó máa tọ́jú bàbá àgbàlagbà kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú lápá ọ̀tún, nínú oko kan lẹ́bàá Saluzzo. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá náà àti ìyàwó wọn ló ń sùn. Bó bá di ọ̀sán Sátidé, á wọ corriera, ìyẹn bọ́ọ̀sì tó ń ti ìgbèríko wá, á wá bá wa lọ sí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, á sì padà ní ìrọ̀lẹ́.

Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ológun òfurufú ló máa ń dúró síwájú àwòrán ilẹ̀ Italy lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà yẹn, tí á máa fọwọ́ tọ́ka sí ibi tí òjò máa rọ̀ sí. Èmi kì í kà á sí. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òtútù ń mú, kó ṣí fèrèsé. Àbúrò mi ò ní bá mi jiyàn. Á fa àga súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n, á gbé ọwọ́ sókè sí àwọn ọmọ bó ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì, àwọn ọmọ á sì dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ oko náà ló wà lọ́kàn rẹ̀. Wọn ò gbà á síṣẹ́ oko o, bàbá ni wọ́n ní kó máa tọ́jú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àìsàn ti dá bàbá jókòó, màmá, ìyàwó wọn, nìkan ló ń dá oko náà ṣe, àbúrò mi ò sì lè máa wo ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kó máa gbé àpótí èso kọjá níwájú òun. Mo ti lọ kí wọn lẹ́ẹ̀kan rí. Màmá náà kúrú, bàtà oko ọkọ wọn ni wọ́n ń wọ̀, ó sì tóbi jù wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé olùkọ́ ni àbúrò mi tẹ́lẹ̀, wọn ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. “Maestra” ni wọ́n ń pè é, ìyẹn olùkọ́, wọn kì í sì í fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Kíwì ni wọ́n gbìn síbẹ̀. N ò tíì rí irú èso bẹ́ẹ̀ rí kí n tó dé Italy: ó tóbi tó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì hu irun bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin tí kò fárùngbọ̀n. Orí wáyà ni igi rẹ̀ ń ràgàbò, bí òrùlé, èso á wá máa rọ̀ sísàlẹ̀. Kì í pọ́n lórí igi. Líle ni wọ́n ń ká a, lẹ́yìn tí adùn bá ti wọ inú rẹ̀ tán, ní ìparí ìgbà ìwọ́wé, nígbà tí gbogbo èso yòókù ti wọlé. Ìdí nìyẹn tí òtútù fi máa ń ká a mọ́ orí igi. Bí ìrì dídì bá mú un, inú rẹ̀ á domi, kò sì ní ṣe é tọ́jú mọ́.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò pọ̀, adùn ò sì tètè wọnú èso. Nígbà tí wọ́n fi máa sọ pé ó ti tó ká, àwọn tó máa ń wá ká èso ti parí iṣẹ́ ápù, wọ́n ti lọ. Ó wá ku màmá àti àwọn aládùúgbò méjì kan.

Ní alẹ́ Sátidé kan, bí a ṣe ń jẹun lọ́wọ́, ọkùnrin aláṣọ ológun náà dé. Ó ní afẹ́fẹ́ tútù kan ń bọ̀ láti àríwá, pé ojú ọ̀run á mọ́ kedere lọ́jọ́ Àìkú, pé afẹ́fẹ́ á sì dá nírọ̀lẹ́. Ó wá fọwọ́ kan Piedmont, agbègbè tiwa, ó ní kí àwọn àgbẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ máa retí gelata, ìyẹn ìrì dídì, kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́. Inú ìyàwó mi dùn pé oòrùn ń bọ̀. Àbúrò mi gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wa pé ìkùukùu ni aṣọ ìbora ilẹ̀. Pé bí kò bá sí ìkùukùu, tí kò sì sí afẹ́fẹ́, gbogbo ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án ló máa bá òkè lọ.

Ó tẹ màmá láago. Màmá ti gbọ́. Wọ́n ní bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn àti àwọn aládùúgbò máa ká ìwọ̀n tí ọwọ́ wọn bá ká. Wọ́n ní kó má tètè wá o, pé ọjọ́ ìsìn rẹ̀ ni. Àbúrò mi gbé fóònù kalẹ̀, ó kọjú sí mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sìn mí dé ilé pásítọ̀.”

Mo bi í pé kí ni pásítọ̀ fẹ́ ṣe sí òtútù, ṣé àdúrà ni wọ́n máa gbà sí i?

“Rárá,” ló wí. “Ìjọ ni mo fẹ́ yá lọ́wọ́ wọn.”

Pásítọ̀ wa ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin ni, ilé wọn ò sì jìnnà sí tiwa. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin kí wọ́n tó fèsì. Wọ́n ní àwọn èèyàn ti ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni ara wọn ń balẹ̀. Ṣé àwọn olóko náà ló ní kó wá bẹ ìjọ ni?

Àbúrò mi ní wọn ò rán òun. “Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wá síbí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, n ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Màmá yẹn ló ń dì mí lọ́wọ́ mú kiri inú ilé, tí wọ́n ń fọwọ́ kan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń sọ orúkọ rẹ̀ fún mi títí mo fi mọ̀ ọ́n.”

 Pásítọ̀ ní àwọn ò ní pa á láṣẹ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àwọn á jẹ́ kó bá ìjọ sọ̀rọ̀.

Inú ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀ la ti ń jọ́sìn nígbà náà. Lọ́jọ́ kejì, pásítọ̀ gé ìwàásù kúrú, wọ́n sì pe àbúrò mi síwájú. Ó fa pátákó ìkọ̀wé àwọn ọmọ Sunday school wá, ó ya òkè sí i, ó ya oko, ó sì ya odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ oko. Ó fi ṣọ́ọ̀kì hàn wá bí òtútù ṣe ń ṣàn wálẹ̀ bí omi, tó ń lọ jókòó síbi tó rẹlẹ̀ jù. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì sunkún. Ó kàn sọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ọwọ́ púpọ̀ lè ṣe sí i. Bàbá kan nínú ìjọ dìde, wọ́n béèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa: bí èèyàn dúdú bá ya wọ abúlé àwọn òyìnbó báyìí lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé wọ́n á jẹ́ ká wọlé? Àbúrò mi dáhùn pé òun ni òun máa ṣáájú.

Àwọn tó ní ọmọ ọwọ́ lọ sílé. Àwọn yòókù kó sínú àwọn ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ àti furgone tí ẹnì kan fi ń kó ẹrù. Àyè ò sí láti lọ pààrọ̀ aṣọ. Léèsì àti kóòtù la wọ̀ dé Saluzzo, a sì gbé ìkòkò ìrẹsì tí a fẹ́ jẹ lẹ́yìn ìsìn dání.

Màmá gbọ́ ìró ọkọ̀, wọ́n jáde wá sẹ́nu géètì. Wọ́n wo gèlè, wọ́n wo bàtà dídán, wọ́n sì bi àbúrò mi pé àríyá wo nìyí. Ó ní kì í ṣe àríyá, pé a wá ká èso ni.  Màmá yí padà, wọ́n wọlé lọ, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé a ti mú wọn bínú. Ìgbà tí wọ́n jáde, wọ́n kó ẹ̀wù mọ́ra dé àgbọ̀n: kóòtù bàbá, épírọ́ọ̀nù, àti gbogbo ìbọ̀wọ́ tó wà nínú ilé. Ìbọ̀wọ́ ò kárí. Wọ́n padà lọ kó ìbọ̀sẹ̀ wá, ìyẹn ni èmi àti pásítọ̀ fi bọ ọwọ́, nítorí pé èékánná kò gbọ́dọ̀ ha èso náà.

Màmá fi hàn wá bí a ṣe máa yí i kó tó já, tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi rọ̀ á ṣẹ́kù sórí igi, àti bí a ṣe máa gbé e sínú àpótí jẹ́jẹ́ láìjù ú. Àbúrò mi ló pín wa. Ó ní ká bẹ̀rẹ̀ láti apá ìsàlẹ̀, lẹ́bàá odò, níbi tí òtútù máa kọ́kọ́ dé. Àwa tó ga ń tẹ̀ba, ẹ̀yìn ń ro wá. Ìyàwó mi tó kúrú ń rìn lábẹ́ igi bó ṣe wù ú, ó sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọdé ń gbé àpótí òfìfo wá fún wa. Ọmọbìnrin mi wá bá mi, ó ní “Papà, fa freddo,” pé òtútù ń mú. Mo fi Yorùbá sọ fún un pé kó máa sáré kó lè gbóná. Ó fi Italian dá mi lóhùn pé òun ti ń sáré.

Wọ́n gbé bàbá jáde sínú oòrùn, wọ́n da aṣọ ìbora bò wọ́n. Bí àbúrò mi bá ti ń kọjá, á tún aṣọ náà ṣe, á bá wọn sọ ọ̀rọ̀ kan, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹnì kan dá orin ìjọ, a sì gbè é. Àwọn aládùúgbò méjèèjì tó ti ń wò wá tìyanutìyanu tẹ́lẹ̀ sún àkàbà wọn wá sọ́dọ̀ wa, a jọ ń ká a.

Nírọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ dá lóòótọ́. Ewé ò mì mọ́. Òkè Monviso pupa fúngbà díẹ̀, ó wá dúdú, èéfín sì ń jáde lẹ́nu wa bí a bá ti ń sọ̀rọ̀. A ti ká apá ìsàlẹ̀ tán, ó ku àwọn ọ̀wọ́ díẹ̀ lókè, lẹ́bàá títì. Pásítọ̀ ní ká tan iná ọkọ̀ sí i, ká máa bá a lọ. Màmá kọ̀. Wọ́n ní ó tó, pé àwọn ọmọ ní ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, àwọn bàbá wọn sì ní iṣẹ́. Wọ́n bọ gbogbo wa lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ tó lọ. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ bá wọn lọ, èmi dúró ti àbúrò mi di àárọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣílẹ̀kùn, mo sì rí i pé gbogbo koríko ti funfun bí ìgbà tí wọ́n da iyọ̀ sí i. Kò sí ìró kankan. Bí oòrùn ṣe kan apá ìsàlẹ̀, àwọn ewé tó kù lórí wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, wọ́n ń dúdú lójú wa bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ lómi gbígbóná. Mo wo wáyà tó ṣófo náà títí. Bí kì í bá ṣe àbúrò mi, màmá ì bá dúró níbẹ̀ láàárọ̀ yẹn, wọn ì bá máa wo gbogbo iṣẹ́ ọdún kan bó ṣe ń bàjẹ́.

A gòkè lọ sí àwọn ọ̀wọ́ tí a fi sílẹ̀. Màmá já èso kan lẹ́bàá títì, wọ́n fi ọ̀bẹ là á. Inú rẹ̀ ti domi. Wọ́n já òmíràn lẹ́bàá ògiri ilé, níbi tí òtútù ò fi bẹ́ẹ̀ dé. Tìyẹn le, ó sì dára. Wọ́n là á sí méjì, wọ́n fún àbúrò mi ní ìdajì, wọ́n fún mi ní ìdajì. Ó kan débi pé mo fún ojú pọ̀. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí màmá tí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Kérésìmesì ń bọ̀, màmá wọ bọ́ọ̀sì wá sí ìjọ wa pẹ̀lú kíwì tó ti rọ̀. Wọ́n jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin láìbọ́ kóòtù wọn, wọn ò sì gbọ́ ẹyọ kan nínú ohun tí à ń sọ. Pásítọ̀ ní kí wọ́n bá wa sọ̀rọ̀, àbúrò mi sì ń túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń rí irú àwa tí à ń kọjá lójú títì, àwọn ò sì béèrè orúkọ ẹnì kankan rí. Wọ́n wá ń lọ láti àga dé àga, wọ́n ń béèrè orúkọ wa. Bí wọ́n bá pè é tí kò dáa, wọ́n á tún un pè. Àbúrò mi ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ó ń bá wọn tún ohùn rẹ̀ ṣe, kò sì yára.

Lẹ́yìn tí bàbá kú, àbúrò mi lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Padua, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní. Èmi ló yẹ kí n gbé ẹrù rẹ̀ dé ibùdó ọkọ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé oko, màmá ti wọ bàtà ńlá wọn, wọ́n ti gbé àpótí aṣọ rẹ̀ jáde sẹ́nu géètì, wọn ò sì gbà kí n ràn wọ́n lọ́wọ́.